Ojú Oórì Inú Pálọ̀

Sìmẹ́ǹtì tútù ni mo kọ́kọ́ jókòó lé nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Àgbádárìgì. Láàárín pálọ̀ ló wà, ó ga sókè díẹ̀, ó sì ń dán. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyá ọkọ mi kàn rọra ní kí n dìde, wọ́n wá yíjú sí ilẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé ìyàwó tuntun ni, kò tíì mọlé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé bàbá ọkọ mi ni wọ́n sin síbẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni nígbà náà, kò sì sí ohun tí n kò lè ṣàlàyé fún ará ayé. Ègùn ni ìyá gbọ́ dàgbà, yọdò ni wọ́n sì ń pe sàréè gbogbo. Ṣùgbọ́n tó bá kan ti pálọ̀ yìí, ojú oórì ni wọ́n ń wí, bí àwọn Àwórì ilé ọkọ wọn ti fi kọ́ wọn. Mo bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní oórì ni ibi tí òkú sùn sí, ojú rẹ̀ sì ni èyí tó kù fún alààyè.

"Bí ojú kànga ló ṣe rí, ìyàwó mi. Ibẹ̀ la ti ń bá onílé sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni kí ẹ sin èmi náà sí o."

Ọ̀rọ̀ yìí kò bá àwọn ọmọ wọn lára mu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ayálégbé wo ni yóò gba ilé tó ní òkú méjì? Wọn ò bi mí, síbẹ̀ mo dá sí i, mo ní itẹ́ òkú ìjọ mọ́ tónítóní. Bọ́mọdé láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìyá ò bá wa jiyàn. Wọ́n ṣáà ń bu omi tútù sójú oórì láràárọ̀, wọ́n ń ròyìn ilé fún ọkọ wọn: ẹni tó bímọ, ẹni tó ń ṣàìsàn, bí ẹja ṣe wọ́n lọ́sà.

Nígbà tí wọ́n kú, itẹ́ òkú ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ni a sin wọ́n sí. Ètò náà lọ geere. Ó dùn mí ju bí mo ti rò lọ.

Ayálégbé kankan ò tíì yọjú títí dòní. Èmi ni mo ń gbé ilé náà, èmi ni mo sì ń bu omi. Mo ń ròyìn àwọn ọmọ-ọmọ fún bàbá tí n kò bá láyé. Ohun kan ṣoṣo tí n kò tíì lè sọ fún wọn ni ibi tí a gbé ìyàwó wọn lọ.