Obìnrin Inú Orin Kẹta

Mo jẹ́ ìpè tí kò yẹ kí n jẹ́ lónìí.

Àwọn alárìíwísí orin ń jà lórí àwo tuntun tí onígìtá kan ṣe. Ọ̀kan ní ariwo lásán ni, èkejì ní kò sírú ẹ̀. Ni mo bá fi í sí sípíkà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi n'Ísọlọ̀.

Nínú orin kẹta, obìnrin kan pè mí: “Àkànní!”

Màmá mi tó ti kú nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Mà!”

Ìyàwó mi ní, “Bàbá Bọ́lá, ta lẹ̀ ń dá lóhùn?”

“Obìnrin inú orin.”

“Obìnrin wo? Gìtá nìkan ni mo gbọ́ o. Ẹ sì jẹ́?”

Mo tún un gbọ́. Gìtá nìkan ló kù níbẹ̀.

Bóyá etí mi ni. Ẹ bá mi gbọ́ ọ, kí ẹ sọ tiyín. Ṣùgbọ́n tó bá pè yín, ẹ má jẹ́.