Ife Tó Wà Lára Ìṣó

Ife tánńganran kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kì í fi mu omi àfi àbúrò mi obìnrin. Aláwọ̀ búlúù ni, etí rẹ̀ sì ti bó. Ìyá mi kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ibẹ̀ ló ń gbé e kọ́ sí kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ tiwa. Abọ́ àbúrò mi wà lọ́tọ̀, ṣíbí rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí àlejò bá fẹ́ bu omi mu, tó sì nawọ́ sí ife náà, ìyá mi á ti pariwo kí ó tó kàn án: "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!" Kì í sọ ìdí. Àlejò á rẹ́rìn-ín, á ní àbí ife baálé ilé ni. Ó máa ń wù mí kí n sọ fún un pé rárá o, ife ọmọ tí à ń bẹ̀rù ni.

Wárápá ló ń ṣe é. Wọn ò bí i mọ́ ọn. Ó ti ń sáré kiri, ó ti ń lọ sí ilé kéwú, kí ó tó ṣubú lọ́sàn-án ọjọ́ kan nídìí ọlọ tí ìyá mi ti ń lọ ata. Ojú rẹ̀ yí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ará ilé ló gbà pé itọ́ yẹn ni àìsàn náà fi ń ràn, nítorí náà wọ́n fọ́n ká. Ẹnì kan tó láyà ju àwọn yòókù lọ ló wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná kí ó lè jí. Ó jí lóòótọ́, nítorí pé wárápá máa ń fi èèyàn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tó bá yá. Àpá iná náà ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ẹni tó wọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Títí di òní ló ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín tí a bá pàdé lọ́jà, èmi kì í sì í dáhùn.

Òkaka ni ilé wa, ṣùgbọ́n etí odò Òfíkì ni abà wa wà, níbi tí omi ti ń sáré gba orí àpáta kọjá. Iṣu àti àgbàdo ni bàbá mi ń gbìn nígbà tó wà láyé. Láfún ni iṣẹ́ ìyá mi. Á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi létí odò títí tí yóò fi rọ̀, á fọ̀ ọ́, á fún un, á wá sá a sórí àpáta. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ lèèyàn fi ń wà létí omi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Amùkúrù ló ni etí omi yẹn. Kòkòrò dúdú kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ga bíi ti abuké. Kì í kùn létí bí ẹ̀fọn, ojúmọmọ ló sì ń jẹ èèyàn. Ìgbà tó o bá rí ẹ̀jẹ̀ lójúgun rẹ lo máa mọ̀ pé ó ti jẹ ọ́, ó sì ti lọ. Gbogbo wa ló jẹ. Ara ń yún gbogbo wa, à ń họ ọ́ títí awọ ojúgun wa fi di alámì tó-tò-tó. Kókó kan yọ ní ìbàdí ìyá mi, òmíràn yọ ní ìhà mi. Àwọn àgbà ní inárun ni, pé inárun ti wà lára gbogbo ọmọ èèyàn láti inú ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ya abọ́ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí ìyẹn.

Abà yìí ni wọ́n gbé àbúrò mi lọ. Wọ́n mú un kúrò nílé kéwú, wọ́n mú un kúrò níléèwé, kí ojú ìlú má baà tó o. Ta ni yóò fẹ́ ọmọ tó ní wárápá? Ta ni yóò tún wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Wọ́n ní kó má sún mọ́ iná mọ́, wọ́n wá gbé e fún odò. Àwọn ọlọ́gbọ́n!

N kò ní purọ́ mọ́ ìyá mi. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ ẹ̀gẹ́, á so ọ̀já mọ́ ìdí àbúrò mi, á so ojú kejì mọ́ ìdí ara rẹ̀, kí odò má baà gbé e lọ tó bá ṣubú. Mo ti rí i tó ju ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ tó fà á jáde, tó gbé orí rẹ̀ lé itan, tó ń sunkún. Ẹ̀yìn náà ni yóò wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Lọ́dọọdún, àwọn kan máa ń wá láti ilé ìwòsàn, wọ́n á máa pín oògùn amùkúrù láti ilé dé ilé, títí dé abà wa. Ọ̀pá gígùn kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń wọn ìdúró èèyàn kí wọ́n lè mọ iye hóró tí yóò gbé mì. Inú àwa ọmọ máa ń dùn sí ọ̀pá yẹn, a máa ń dìde lórí ìka ẹsẹ̀ kí a lè ga. Tí ìyá mi bá ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ ládùúgbò, á mú àbúrò mi wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á béèrè bóyá ó ku ẹnì kan nínú ilé.

"Àwa tẹ́ ẹ rí yìí náà ni," ni ìyá mi á wí.

Ilẹ̀kùn yẹn ò nípọn. Àbúrò mi ń gbọ́ ọ lọ́dọọdún. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá mi lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí kì í gbà á fún un. Ó ní, "Oògùn ara yíyún nìyẹn. Tiẹ̀ kì í ṣe ara yíyún. Tó bá wá ṣubú níwájú wọn ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń gbé oògùn mì, àfi òun nìkan.

Ète náà kúkú ṣiṣẹ́. Èmi rí ọkọ fẹ́, mo ń gbé ní Ìsẹ́yìn, mo ń ránṣọ. Àbúrò mi wà lábà títí tó fi dàgbà.

Lọ́dún tó kọjá ni mo gbé òun àti ìyá wa lọ sílé ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì ti gbọ́ pé wárápá ni, kò fà sẹ́yìn. Ó fọwọ́ tọ́ ìhà àbúrò mi àti ìbàdí rẹ̀. Kókó wà níbẹ̀, ó ju tiwa lọ. Ó béèrè ibi tó ń gbé. Mo ní etí odò Òfíkì.

"Màmá, ṣé ó ń gba oògùn amùkúrù lọ́dọọdún?"

Ìyá mi wolẹ̀. Èmi ni mo dáhùn pé kò gbà á rí.

Nọ́ọ̀sì náà jókòó. Ó ní amùkúrù ló ń gbin aràn sí ara èèyàn, aràn náà ló wà nínú kókó, òun náà ló ń mú ara yún. Ó ní àwọn dókítà ti ń kíyè sí i pé ibi tí amùkúrù bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni wárápá máa ń pọ̀ sí.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé aràn yẹn ló fà á nìyẹn?"

"Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun. Wọn ò tíì mọ bí aràn yẹn ṣe ń kan ọpọlọ. Àmọ́ èyí tó dá mi lójú ni pé itọ́ rẹ̀ ò lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ máa jẹun pọ̀."

Ó lè jẹ́, ó lè má jẹ́! Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Mo fẹ́ kí wọ́n fún mi ní ohun tó dájú, kí n gbé e lọ bá gbogbo ẹbí, kí n fi gbá wọn lójú. Mo fẹ́ lè sọ fún wọn pé ohun tí ẹ ń sá fún lẹ́nu ọmọ yìí, gbogbo yín lẹ ń gbé e rìn lábẹ́ awọ yín, kòkòrò kan náà ló jẹ yín. N kò lè sọ ọ́, torí kò dájú. Wọ́n fún un ní oògùn wárápá tí yóò máa lò lójoojúmọ́, a sì wọ mọ́tò padà. Nígbà tí a délé, ìyá mi pe gbogbo ará ilé jọ, ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ pé itọ́ ò ràn, ẹni tó bá tún sá fún ọmọ òun, òun àti onítọ̀hún ni. Orí mi wú, mo rò pé ó ti tán.

Lọ́dún yìí, mo wà ní Òkaka nígbà tí àwọn olóògùn dé. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn. Àbúrò mi, tó ti padà sílé láti abà, jáde síta, ó dúró ti ọ̀pá. Kò dìde lórí ìka ẹsẹ̀. Wọ́n ka hóró oògùn sí i lọ́wọ́, wọ́n ka ti ìyá mi fún òun náà, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé e mì lójú àwọn.

Ìyá mi yára wọlé lọ bu omi wá. Ife búlúù ló bu ú sí.

Àbúrò mi wo ife náà. Ó da oògùn rẹ̀ sẹ́nu, ó mu ìdajì omi náà, ó sì na èyí tó kù sí ìyá wa.

"Màmá, ẹ fi mu tiyín."

Ìyá mi gba ife. Ó gbé e títí dé àgbọ̀n. Omi ń dà sí i láyà. Lẹ́yìn náà ló rẹ ife sílẹ̀, ó da oògùn sẹ́nu, ó sì gbé e mì bẹ́ẹ̀ láìfi omi tì í. A rí bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń bá a jà. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Àbúrò mi gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da omi tó kù nù, ó ṣan án, ó sì gbé e kọ́ sára ìṣó.