Ìwo Tó Wà Lókè Ìlẹ̀kùn Pálọ̀

Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, káfíńtà ni bàbá mi. Tó bá di Sátidé, ọdẹ ni. Sọ́ńdè nìkan ló máa ń jẹ́ bàbá àwa ọmọ, ìyẹn náà, ìgbà tó bá nu ìbọn tán ni.

Ẹ má rò pé ọdẹ tó ń fi ẹran bọ́ ilé ni o. Ọdẹ ìgbádùn ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ọ̀kan jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan ń ta táyà. Tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá ti sú wọn, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà gígùn, wọ́n á gba inú igbó ẹ̀yìn odò lọ, wọ́n á rìn títí, wọ́n á mu tíì gbígbóná, wọ́n á wá jókòó máa purọ́ fún ara wọn. Tí orí bá ṣe é, wọ́n á rí ẹran kan. Tí wọn ò bá rí, wọ́n á ní atẹ́gùn ló gbé òórùn àwọn lọ bá a.

Bàbá mi kì í fi òfin ṣeré rárá. Òun ló jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo òfin ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Òfin. Má kọjá odò pẹ̀lú ọta nínú ìbọn. Tí igbó bá mì, tí o ò tíì rí ẹran láti orí dé ìrù, yọ ìka rẹ kúrò. Fìlà pupa ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí, kí ẹnì kan má baà pe orí rẹ ní orí ẹran. Èmi ni mo rán àwọn fìlà náà, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ẹ̀rọ mi wà ní yàrá iwájú. Aṣọ tí mo fi rán ti Oníbáńkì tó ti èèyàn méjì, tìtorí orí rẹ̀.

Òfin tó wá ga ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ti abo àgbọ̀nrín. Akọ ló ní ìwo, abo ò ní, abo ló ń bí. Ẹni tó bá yìnbọn pa abo, á fi ìbọn tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún ọdún méjì. Kó tó tún gbà á padà, á kọ́kọ́ yìnbọn ba pátákó lójú ẹgbẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ. Gbogbo ẹran tí wọ́n bá sì pa, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ẹran: ọjọ́ wo, níbo, akọ ni àbí abo. Wọ́n á gbé ìwo rẹ̀ lọ sípàdé kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Látìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé girama ni mo ti ń bá bàbá mi kọ tirẹ̀, torí òǹkọ̀wé ò sí nínú iṣẹ́ káfíńtà. Tó bá ti pa nǹkan, láti ẹnu géètì ló ti máa pariwo: “Akọ̀wé mi, gbé kálámù o!”

Lọ́dún kan, Oníbáńkì pa abo. Ó ń jà, ó ń laàgùn.

“Bàbá, òun ló kọjá níwájú mi!”

“Ṣé gbogbo ohun tó bá ti kọjá níwájú rẹ lo máa ń yìn? Ìyàwó rẹ ń kọjá níwájú rẹ lójoojúmọ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbáńkì ò kí i fún oṣù mẹ́rin.

Ọdún kan lẹ́yìn tí màámi kú ni ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Bàbá mi ṣe fèrèsé fún Tíṣà, ó gbé e débẹ̀, fèrèsé fi ìka méjì fẹ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ní igi ló wú. Igi wo ló ń wú lọ́jọ́ kan? Nígbà tó di pé ó ń bu iyọ̀ sínú tíì, mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà yẹn tan iná sí i lójú, ó tún tàn án, ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn kíkán ló máa bá wa di ìyókù mú.

A dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi di apá mi mú. “Má sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi.”

“Bàámi, ṣé ẹ ṣì máa lọ sígbó ni?”

“Ìyá ẹ ti lọ. Fèrèsé, o ti rí ohun tí mò ń fi ṣe. Tí wọ́n bá tún gba Sátidé lọ́wọ́ mi, kí ló kù?”

Mo ní mi ò ní sọ. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo ṣì ní mi ò ní sọ.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, agogo mẹ́wàá ò tíì lù tí mo gbọ́ géètì. Kò sí ariwo kálámù. Bàbá mi ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀, àpò ìdọ̀họ bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn ilé ìdáná, kò wojú mi.

“Kun ún. Kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé.”

Ó wọ balùwẹ̀ lọ.

Mo ṣí àpò. Orí rẹ̀ ń dán gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, etí méjì, kò sí ìwo. Mo yí i padà, ọmú rẹ̀ ti sọ̀. Ara mi ti mọ̀, àmọ́ mo ṣáà fi ọ̀bẹ là á. Ọmọ kan ló wà níbẹ̀. Irun ti hù lára rẹ̀, ó tiẹ̀ ní àmì funfun tótòtó lẹ́yìn, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ọṣẹ tó ti sùn sínú omi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mò ń gbọ́ tí bàbá mi ń bu omi sára nínú balùwẹ̀, gbàà, gbàà.

Mo rò ó. Bàbá mi ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ọdún méjì sí i, lẹ́yìn náà pátákó. Pátákó wo ni wọ́n fẹ́ rí? Tí ìbọn yẹn bá ti kúrò nílé, kò ní padà wá mọ́ láyé.

Bí mo ṣe mú ọkọ́ nìyẹn. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ibi tí pákó wọn wà, mo ri ọmọ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gé orí, mo ri òun náà mọ́lẹ̀. Mo fọ sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: “Sátidé. Ẹ̀bá odò. Akọ kan.”

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìwo. Àwọn ọkùnrin yẹn máa wọ̀n ọ́n.

Ìwo méjìlélógún, ìyẹn ti ẹran mọ́kànlá, ló wà lókè ìlẹ̀kùn pálọ̀, bàbá mi kàn wọ́n mọ́ pákó tó fá fúnra rẹ̀. Mo gun àpótí. Mo yọ ìwo ẹran tó wà ní igun, tí eruku ti bò, mo ní ta ló tún ń wo ìyẹn? Mo fi kẹrosín nù ún kó lè dán bíi tuntun. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Bàbá mi jáde, wọ́n fi tówẹ̀lì kọ́rùn, wọ́n jókòó. “Kà á.”

Mo kà á.

“Akọ?”

“Akọ ni, bàámi.”

“Ìwo rẹ̀ dà?”

Mo gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti ìdí, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń tọ pákó láti mọ̀ bóyá ó ti jọ̀lọ̀. Wọ́n dé ṣóńṣó, wọ́n dúró.

“Ọdún tá a bí ẹ ni mo pa èyí,” ni wọ́n wí. “Ó ṣubú lu àpáta, ṣóńṣó rẹ̀ kán. Ìyá ẹ ní kí n jù ú nù, mo ní láéláé.” Wọ́n gbé e sí imú. “O fi kẹrosín nù ún.”

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. “Bàámi, ẹ má bínú.”

“Mo rí ìwo, ọmọ mi. Mo dúró, mo tún un wò, mo rí i. Àṣé igi gbígbẹ ló wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe káfíńtà, igi ni mo wá ń pè ní ìwo.”

“Ẹnikẹ́ni ò rí yín. Mo ti ri orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ò tiẹ̀ sọ fún mi nígbà tẹ́ ẹ dé?”

Wọ́n ń yí ìwo yẹn po lọ́wọ́.

“Mò ń wẹ̀, mò ń gbàdúrà pé kí o bá mi bò ó,” ni wọ́n wí. “O wá bò ó lóòótọ́. Ojú tì mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́kún.

“Ó lóyún?”

“Ó lóyún.”

“Mélòó?”

“Ọ̀kan.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n fa ìlà sórí ohun tí mo kọ, kí n kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i fúnra wọn. Kálámù kúrò lórí ìwé, ó parí orúkọ wọn sórí rọ́bà tó bo tábìlì. Ó ṣì wà níbẹ̀, kò ṣeé nù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sípàdé, ní ibi tí Tíṣà ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Bàbá mi dìde, wọ́n ṣí fìlà pupa, wọ́n ní àwọn pa abo tó lóyún. Oníbáńkì ló fọhùn.

“Bàbá Òfin! Ṣé òun náà kọjá níwájú yín ni?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. “Kò tiẹ̀ kọjá. Ó dúró dè mí ni.” Wọ́n wá ní, “Ojú mi ò dáa mọ́. Ó ti pé ọdún kan. Mo sì ń bá yín rìn nínú igbó pẹ̀lú ìbọn.”

Ẹ̀rín tán. Mo rí ọwọ́ Onítáyà tó lọ kan fìlà pupa orí rẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó mọ ohun tí mo fi pa mọ́ fún ọdún kan.

Tíṣà ní, “Ẹ jẹ́ ká pè é ní àṣìṣe. Àgbàlagbà ni wọ́n.”

“Àṣìṣe ni tèmi náà nígbà yẹn,” ni Oníbáńkì wí. Ó dìde, a rò pé ó tún fẹ́ jà ni, àfi bó ṣe dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, tòun ti ikùn rẹ̀. “Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ìbọn yín lọ sílé. Ẹ ṣáà gbé e kọ́ ògiri.”

“Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí. Ìwọ lo mọ ibi tá a ń kó wọn sí. Wá gbà á.”

Oníbáńkì gbà á. Kò mọ bó ṣe máa gbé e, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún.

Látìgbà náà, tó bá di Sátidé, bàbá mi á dé fìlà pupa, wọ́n á jókòó sí iwájú ilé. Àwọn ẹgbẹ́ wọn á yà tí wọ́n bá ń lọ. Bàbá mi á ní, “Ọta wà nínú ìbọn?” Àwọn ọdẹ á ní kò sí. Wọ́n á tún na ìbọn tí wọ́n ti ṣí sí bàbá mi, bàbá mi á ki ìka bọ ihò rẹ̀ láti mọ̀ dájú. “Ẹ máa lọ.” Bàbá mi á máa tẹ́tí sí ìró bàtà àwọn ọdẹ náà títí wọ́n á fi dé etí odò.

Ọjọ́ tí ọdún méjì pé, Oníbáńkì gbé ìbọn náà wá. Láti àárọ̀ ló ti wá kan pátákó ńlá kan mọ́ ọgbà wa, ó tóbi tó ìlẹ̀kùn, mo wò ó, mo mọ̀ pé kí bàbá mi lè rí i ló ṣe tóbi bẹ́ẹ̀. Bàbá mi gba ìbọn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. “Ẹ ò fi òróró pa á dáadáa.” Wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí ọgbà, pátákó yẹn wà níwájú wọn gbàgàdà nínú oòrùn.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Ẹ gbé pátákó wá.”

Oníbáńkì wojú mi. Èmi ń wo ilẹ̀.

“Ó ti wà níbẹ̀, Bàbá.”

Bàbá mi yí ìdí ìbọn sọ́dọ̀ Oníbáńkì, wọ́n nà án sí i.

“Àwọ̀ wo lẹ kùn ún?”

“Funfun.”

“Funfun dáa,” ni bàbá mi wí, wọ́n sì fọwọ́ wá àga wọn lẹ́yìn.