Afọlábí àti Ẹ̀rọ Tó Kọ̀ Láti Dìde

Àbúrò mi ni Afọlábí, ọmọ ìyá mi gan-an, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Torí náà, tí mo bá ń bú u, kí ẹnikẹ́ni má bá mi dá sí i.

Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lójú títì tó lọ sí Pólì ní Ẹdẹ níbí. Ìsọ̀ òwú àti bọ́tìnnì tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Awo, ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, kó tó wá dé orí kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣòro fún un. Àmọ́ àrùn kan ń ṣe é: ẹni tí kò bá kọ́kọ́ kí i, kò ní dá a lóhùn.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà o. Obìnrin kan gbé tẹlifíṣọ̀n wá láti Alájùẹ. Nígbà tó padà wá, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ó ti ṣeé gbé?" Kò sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Afọlábí gbójú sókè, ó ń wo òrùlé. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ títí, ó rò pé adití ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni tẹlifíṣọ̀n yẹn fi jókòó sínú ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kejì ló ti dáa! Tó o bá sì wá kí i, háà, wàhálà mìíràn dé. Á bi ọ́ léèrè ìyá, á bi ọ́ léèrè bàbá, á tún béèrè ewúrẹ́ yín tó bímọ lọ́dún tó kọjá.

Mo máa ń bá a jà. Màá ní, "Afọlábí, ṣé wọ́n fi ẹ́ jọba ni?" Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìkíni ò kúkú ná èèyàn ní kọ́bọ̀." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, tó bá dé ìsọ̀ láàárọ̀, á kọjá níwájú mi bíi pé òpó ni mí, á kàn ju ọwọ́ sókè. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Ó máa ń dùn mí o, mo kàn ń gbé e mì ni.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, aago mẹ́sàn-án ò tíì lù, Tèmilọlá sáré dé. Tèmilọlá ni ọmọbìnrin tó ṣí ibi tí àwọn ọmọ á ti máa fi kọ̀ǹpútà ṣèdánwò, lápá odò Ọ̀ṣun. Ogójì kọ̀ǹpútà ló tò síbẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ló sì ń darí gbogbo wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn olùyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò, ní aago mọ́kànlá. Tí wọ́n bá bá gbogbo ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á fọwọ́ sí i fún un pé kí wọ́n máa ṣèdánwò níbẹ̀. Tí nǹkan bá yíwọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ọmọ náà ò sì lè dúró dìgbà yẹn. Ó ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, onílé ẹ̀ sì ti búra pé tí wọn ò bá fọwọ́ sí i, adìyẹ lòun máa kó sínú ilé òun.

"Bọ̀ọ̀dá Afọlábí, sáfà ò dìde! Mo tan án, iná ẹ̀ ń tàn, fáànù ẹ̀ ń pariwo, àmọ́ kò dìde!"

Ẹ rí nǹkan! Kò kí i. Àbúrò mi gbójú sókè.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ara yín ò yá ni?"

Ó ń wo òrùlé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi!"

Òrùlé náà ló ṣì ń wò. Inú bí mi débi pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi gún mi. Mo fò síta, mo fa ọmọ náà létí: "Kí i! Ìwọ ọmọ yìí, kí i, kó má baà di alẹ́!"

Ó kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ káàárọ̀ sà."

Ẹ wá wo Afọlábí! Ẹ̀rín bọ́ sẹ́nu ẹ̀. "Káàárọ̀ o, ọmọ dáadáa. Ṣé dáadáa la jí? Ìyá ńkọ́? Orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n ńkọ́?" Ọmọ náà ń dáhùn, omijé ń dà lójú ẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí orúnkún, mo ti ti ìsọ̀ mi, mo ti dá kẹ̀kẹ́ dúró, mo sì ti ti àwọn méjèèjì sínú ẹ̀.

Inú yàrá kékeré kan ni sáfà yìí wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tèmilọlá fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ lójú àwọn olùyẹ̀wò, ló bá yọ ojú sáfà tí ọ̀rọ̀ ti ń hàn àti kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kúrò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó wá fi sáfà nìkan sílẹ̀ síbẹ̀. Afọlábí gbé etí lé e. Ó tú u, ó nù ún, ó pààrọ̀ wáyà. Bó bá tan án, á pariwo, á dákẹ́ jẹ́ẹ́ síbi kan náà. Aago mẹ́wàá àbọ̀ lù.

"Bí ẹni ń wo aláìsàn nínú òkùnkùn ni mò ń ṣe yìí," ló wí. "Ẹ gbé ojú ẹ̀ wá."

Wọ́n so ojú ẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ òyìnbó yọ síbẹ̀. Tèmilọlá kà á. "Ó ní òun ò rí kíbọ́ọ̀dù. Ó ní tá a bá fẹ́ kóun máa lọ, ká tẹ F1."

"Níbo la ti máa tẹ̀ ẹ́?" mo bi í.

"Lórí kíbọ́ọ̀dù, mà."

"Èyí tóun fúnra ẹ̀ ní kò sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sí àwo nílé, ó wá ní ká bu ọbẹ̀ sínú àwo! Ta ló tọ́ irú ẹ̀rọ yìí?"

Tèmilọlá sáré lọ mú kíbọ́ọ̀dù tó yọ wá láti gbọ̀ngàn tí ogójì kọ̀ǹpútà wà, ó ki wáyà ẹ̀ bọ sáfà, ó tẹ F1. Kíá, ẹ̀rọ dìde! Ọmọ náà dì mọ́ mi. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ bá mi tún un ṣe láti inú, kó má dúró de kíbọ́ọ̀dù mọ́. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe."

Àbúrò mi kọ̀ jálẹ̀. "Kí ló ṣe tó burú? Ó kàn ń retí kí ẹnì kan kí i ni. Ẹ̀rọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé rèé." Ló bá ń fọwọ́ pa á lórí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìgbákọ gbá a, ìgbákọ ni ò sí níbẹ̀.

Ìgbà yẹn la gbọ́ mọ́tò àwọn olùyẹ̀wò. Tèmilọlá sáré lọ pàdé wọn ní gbọ̀ngàn. Bó ṣe jáde báyìí, iná lọ. Iná tún dé. Sáfà pariwo, ó tún dúró síbi tó ti máa ń dúró, ó ń retí F1. Afọlábí na ìka kó tẹ̀ ẹ́. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, ọ̀gá àwọn olùyẹ̀wò wọlé, fóònù wà létí ẹ̀.

"Ṣé sáfà yín nìyí? Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́?"

Kò sọ ẹ káàárọ̀. Kò sọ ẹ kú iṣẹ́. Ìka Afọlábí dúró lókè, ojú ẹ̀ sì lọ sí òrùlé.

Mo gbé! Ẹ̀rọ ń retí, àbúrò mi ń retí, ọ̀gá náà ń retí. Mò ń gbọ́ ohùn Tèmilọlá ní gbọ̀ngàn, ó ń rẹ́rìn-ín fún àwọn yòókù, ẹ̀rín tí ẹkún wà nínú ẹ̀. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Afọlábí, kò mì. Ǹ bá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, àmọ́ bọ́tìnnì aṣọ nìkan ni mo mọ̀, tibẹ̀ yẹn sì lé lọ́gọ́rùn-ún.

"Ìṣẹ́jú kan ni mo fún yín o," ọ̀gá náà wí.

Mo bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí ní agbo ilé wa. Èmi Àwáwù, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú àbúrò tí mo pọ̀n. "Ẹ káàárọ̀ sà."

Afọlábí lọgun bí ẹni tí iná gbé. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó fi ọwọ́ kan fà mí sókè, ó fi èkejì gbá F1. Sáfà dìde. Láìpẹ́, mo gbọ́ tí Tèmilọlá pariwo ayọ̀ láti gbọ̀ngàn.

Ọ̀gá náà gbé fóònù kúrò létí. "Ẹ má bínú, mi ò kí yín. Ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀ sà! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ…" Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí i kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Afọlábí padà sídìí sáfà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó tún un ṣe láti inú kó lè máa dìde láìdúró de kíbọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mò ń to òwú mi ló dé. Kò ju ọwọ́ sókè. Pẹ̀lú jálàbíà funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ kírun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eruku. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Èmi náà gbójú sókè, mò ń wo òrùlé.

Ó wà ní ìdọ̀bálẹ̀ náà. Ọlọ́kadà mẹ́ta kọjá, wọ́n wò wá, mi ò wò wọ́n. Nígbà tí inú mi rọ̀ tán, mo ní, "Káàárọ̀, Afọlábí. Àtàná ni orúnkún ti ń dùn mí. Bi mí."

Ó sì bi mí.