Ìyá Mi Gba Èènì Lọ́dọ̀ Oníkọ̀ǹpútà
Ẹ má mú ìyá yín lọ ra kọ̀ǹpútà o!

Láàárọ̀ yìí ní Bẹẹrẹ, mò ń ṣa ẹ̀yà kọ̀ǹpútà géèmù olówó pọ́ọ́kú. Mo ti ra àpótí rẹ̀ àti káàdì àwòrán. Mẹ́mórì ló kù kí géèmù tó lè ṣí, owó sì ti tán.

Ni ìyá mi bá nawọ́ sí mẹ́mórì, wọ́n sọ fún ọlọ́jà: "Ọmọ mi, fi èyí ṣe èènì."

Ọlọ́jà lanu: "Màmá, ó wọ́n ju àpótí yẹn lọ!"

"Ohun tí kò tó òòyà mi? O fẹ́ tajà láìsí èènì, n'Íbàdàn?"

Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó lè wọlé mọ́. Ọlọ́jà gbà.

Ṣé kí n dá a padà, àbí èènì ni èènì? Ẹ tètè fèsì, géèmù ti ń ṣí.