Bàbá Aláago àti Ìtẹ́dìí Ọkọ̀ Pupa

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ Bàbá Aláago, tí kò mọ ìtàn bàtà, irọ́ ló ń pa. Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí gbọ̀ngàn ìlú ni. Bàbá ló tún aago ńlá orí gbọ̀ngàn náà ṣe, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló sì rán aṣọ àwọn akọrin. Àwọn méjèèjì múra, wọ́n wọ ọkọ̀ pupa oníjòókòó méjì tí bàbá fẹ́ràn bí ojú, ọkọ̀ ìsáré àtijọ́ tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ fi ń wò ó láti òkè.

Wọ́n dé iwájú gbọ̀ngàn. Èrò pọ̀ bí eṣú. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ po bí ọkọ ìyàwó tuntun, ó ṣílẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sí màmá. Màmá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ wá, bàtà ò wá. Ó gbé ti òsì, ìyẹn náà kọ̀. Paipu èéfín tó gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ti mú ilẹ̀ ọkọ̀ gbóná débi pé ìsàlẹ̀ bàtà tuntun ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí àtè. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó di bàtà mú, ó fà á gbọn-in. Òkè bàtà tẹ̀lé e, ìsàlẹ̀ jókòó. Bàtà di ilé tó ní òrùlé tí kò ní ilẹ̀. Gbogbo èrò ń wò. Bàbá na ẹ̀yìn, ó kọjú sí wọn, ó ní, "Ẹ máa wọlé lọ. Bàtà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ẹsẹ̀ lásán ni màmá fi wọ gbọ̀ngàn, ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn padà sílé. Ká sòótọ́, ilé ò ju kìlómítà kan lọ. Nígbà tí màmá fi máa sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ti di mẹ́rin. Ìtàn tí kò bá dàgbà, àìsàn ló ń ṣe é, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi í sí mẹ́fà.

Màmá dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó dúró. "Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́ o. Ẹsẹ̀ mi ò ní wọ ọkọ̀ yẹn mọ́."

"Ìyá Ìbejì, nítorí bàtà?"

"Nítorí ẹsẹ̀! Ọjọ́ tí ẹ bá gbé bọ́tà sílẹ̀ ọkọ̀ yẹn, tí ẹ wà á dé orí òkè, tí ẹ wà á padà, tí bọ́tà ò yọ́, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ tó pè mí."

"Bọ́tà!"

"Bọ́tà. Kì í ṣe èyí tó dì bí òkúta o. Mo mọ̀ yín."

Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Rárá o. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà, ogójì ọdún ó lé, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń wa ọkọ̀ yẹn lọ sórí òkè ẹ̀yìn ìlú. Wọn a jókòó, wọn a jẹ ẹ̀pà, wọn a bú ara wọn díẹ̀, wọn a padà sílé. Kò sí ohun mìíràn tí bàbá ń retí láàárín ọ̀sẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ tí màmá kọ̀, bàbá gbé aago ògiri kan sórí ìjókòó rẹ̀, ó de bẹ́líìtì fún un, ó sì gba ọ̀nà òkè lọ. Àwọn tó pàdé rẹ̀ ní ó ń bá aago náà sọ̀rọ̀. Ìgbà tó dé, ara rẹ̀ ti rọ. Ó ní aago ò mọ bí wọ́n ṣe ń búni.

Ló bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò, ọkùnrin gìrìwò kan tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí ṣọ́bìrì. Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ìdọ̀tí tó rí bí eérú.

"Bàbá, ẹ wo ìtẹ́dìí ọkọ̀ yín."

"Ìtẹ́dìí? Ọkọ̀ tó dàgbà jù ọ́ lọ, ó tún ń lo ìtẹ́dìí?"

"Ohun tí wọ́n tẹ́ sáàárín paipu èéfín àti ilẹ̀ ọkọ̀ ni, kí ooru má baà gòkè. Ó ti jẹrà tán. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, kí n bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré."

"Ta ló bi ọ́?"

Gbólóhùn yìí ni bàbá fi ń dá gbogbo ayé lóhùn. Dókítà ní kó dín iyọ̀ kù: ta ló bi ọ́? Òjò ṣú, ó fẹ́ rọ̀ sórí ọkọ̀ pupa: ta ló bi ọ́? Wọ́n ní òjò a sì máa tijú padà.

"Bàbá, ọkọ̀ kì í ṣe aago o," mẹkáníìkì ní.

"Kí ni ọkọ̀, bí kò ṣe aago tó sanra?" Bàbá ti wọlé sínú ọkọ̀, ó ti lọ.

Fóòmù ló kọ́kọ́ fi dánrawò. Ó gé bẹ́ẹ̀dì àlòkù kan, ó fi wáyà so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ó gba ojú pópó. Kò tíì dé ìkóríta kejì tí èéfín ti ń tú lẹ́yìn rẹ̀ bí ti ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ènìyàn ń juwọ́ sí i láti iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ń pariwo. Inú bàbá dùn, ó ní ìlú ti wá mọyì òun níkẹyìn. Ó ń juwọ́ padà, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ọba, títí àwọn panápaná fi dé, tí wọ́n fi omi kí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ ra búrẹ́dì. Iná ń jó wùwù nínú ààrò oníbúrẹ́dì, síbẹ̀ ológbò sùn ti ẹ̀gbẹ́ ààrò náà, ó ń han-anrun. Bàbá gbé ọwọ́ lé ara ààrò. Ó tutù. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e.

"Bàbá, ṣé kò sí o?" oníbúrẹ́dì ní. "Ààrò mi lẹ dì mọ́ra yẹn."

"Kí ló wà nínú ògiri rẹ̀?"

"Òwú dígí ni. Òun ló ń dá ooru dúró. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé."

"Gbé e wá."

"Búrẹ́dì yín ńkọ́?"

"Ta ló bi ọ́?"

Bàbá gbé òwú dígí délé, kò gbé búrẹ́dì. Òwú náà sì yún un lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá fi rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ijó.

Fèrèsé yàrá ìránṣọ màmá kọjú sí ibi tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Màmá ń rán aṣọ rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò lè to òwú sára irin báyẹn. Ẹ kọ́kọ́ rán an sínú aṣọ tí kì í jóná. Ẹ wá fi páànù fẹ́lẹ́ bò ó nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa kọjá."

"Ta ló bi ọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní obìnrin kan ló kọ́ òun lójú àlá. Òun ò rí ojú obìnrin náà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Iṣẹ́ tí mẹkáníìkì ní òun máa fi ọjọ́ méjì ṣe, ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá fi ṣe é. Awò ojú kan tó fi ń wo inú aago ló fi ń wo ihò súkúrù. Ẹ̀mú tíńtín ló fi ń mú wọn. Bó sì ti máa ń ṣe nídìí aago láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹnu ló ń kó súkúrù pamọ́ sí, kí ọwọ́ lè ráyè. Ṣùgbọ́n eyín bàbá, tòkè tìsàlẹ̀, àtọwọ́dá ni, wọn a sì máa kan ara wọn bó bá ń rẹ́rìn-ín. Bó bá ti kó súkúrù sẹ́nu, eyín a yẹ̀, súkúrù a bọ́ sí i lójú. Ní ọjọ́ kọkànlá, inú bí i. Ó yọ eyín, ó gbé e sórí irin kan lókè orí rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó kó súkúrù sẹ́nu wọ̀ǹtìwọnti, ó gbé páànù ìkẹyìn bò ó, ó sì dè é pa.

Ìgbà tó jókòó sídìí ẹran ló tó rántí pé ẹnu òun ṣófo. Wọ́n wá eyín kárí ilé. Wọ́n gbé ìrọ̀rí, wọ́n tú àpótí aago. Bàbá fura sí ológbò oníbúrẹ́dì, ó lọ ya ẹnu rẹ̀ wò. Ìgbà tó rí i pé eyín ibẹ̀ ò jọ tòun, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Sátidé ìdánwò pé. Bàbá múra bí ẹni tó ń lọ sílé ẹjọ́. Màmá gbé bọ́tà jáde nínú àwo, ó gbé e sílẹ̀ ọkọ̀, níbi tí bàtà rẹ̀ kú sí.

"Bó bá yọ́," ó ní, "ọkọ̀ yìí máa kúrò nínú ọgbà yìí. Mo ti sọ tèmi."

Bàbá wọ ọkọ̀, ó di ìdarí mú. Mẹkáníìkì ló bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, orúnkún rẹ̀ kan etí, bọ́tà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́: kẹ-kẹ-kẹ-kẹ.

"Bàbá, kí ló ń dún yẹn?"

"Ṣé bọ́tà ló ń dún?"

"Rárá o."

"Tí kì í bá ṣe bọ́tà, kò kàn ọ́. Iṣẹ́ bọ́tà lo bá wá."

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ wo inú àwo. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́tà ṣì mú ṣánṣán. Màmá bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì, ó jókòó.

"Ó tutù," ó ní. "Ẹ̀pà dà?"

Ẹ̀pà ti wà lápò bàbá láti Sátidé àkọ́kọ́. Eyín tó máa fi jẹ ẹ́ ni kò sí.

Bí wọ́n ṣe ń gun òkè, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Ní kọ́nà, ó di kàkàkàkà. Màmá dẹ etí sílẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ yìí ń rẹ́rìn-ín."

"Inú rẹ̀ dùn pé o padà ni."

"Mo mọ ẹ̀rín yìí," màmá ní. Ó wo ẹnu ọkọ rẹ̀ tó ti wọnú, ó wo ilẹ̀ ọkọ̀, ó tún wo ẹnu náà. Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu rẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ gbá páànù, ó dẹ etí. "Bàbá, eyín yín wà níbí o. Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe dì í yìí, àfi kí n ya gbogbo rẹ̀ kí n tó lè yọ ọ́. Mi ò sì lè ṣèlérí pé ilẹ̀ á tún tutù báyìí."

Ọjọ́ yẹn, bàbá ò ní ta ló bi ọ́. Ó ronú díẹ̀.

"Fi í síbẹ̀. Dókítà á ṣe eyín mìíràn fún mi. Ìyàwó tó máa jókòó síbẹ̀ yẹn, ta ló ń ṣe irú rẹ̀?"

Màmá wà lójú fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló kàn dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ náà fi rẹ́rìn-ín gba ìlú kọjá ní gbogbo Sátidé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá sùn lọ nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, awò lójú, kò sì jí mọ́. Àwọn kan ń sọ pé gbogbo aago inú ṣọ́ọ̀bù náà ló dúró lẹ́sẹ̀ kan náà. Irọ́ ni. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ ni, bó ṣe tún wọn ṣe. Níbí nìkan ni mi ò ti ní bu iyọ̀ sí i.

Mẹkáníìkì ló wá ń wa màmá lọ sórí òkè. Nígbà tó yá, ìtẹ́dìí tún gbó, ó tú u palẹ̀, ó sì bá eyín náà níbẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó gbé e fún màmá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Màmá tú u wò.

"Ó ṣì mọ́ ju tìrẹ lọ," ó ní.

Ó gbé ìtẹ́dìí tuntun sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rán an, ó sì rán àpò kékeré kan mọ́ ọn láàárín. Ó ki eyín bọ ibẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n dì í pa?"

"Má dì í le jù. Jẹ́ kó ráyè."

Ní Sátidé, màmá bọ́ bàtà, wọ́n gba ọ̀nà òkè. Ní kọ́nà, ó bẹ̀rẹ̀: kàkàkàkà. Màmá gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé ibi tó ti ń dún.

"Ibí yìí móoru díẹ̀," ó ní.

Mẹkáníìkì yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó na ọwọ́ ṣọ́bìrì rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibẹ̀ dáadáa. "Màmá, ó tutù o. Kò sí ooru kankan níbẹ̀."

Màmá ju ẹ̀pà kan sẹ́nu.

"Ta ló bi ọ́?"