Àtàǹpàkò Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Bí òjò bá ti dá ní Ìlobùú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi a lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa wo títì. A ní, "Ọ̀nà tó tutù kì í gùn tó bó ṣe rí lójú." Àwa ọmọ a máa sín in jẹ. Òwe la pè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ láyé àwọn ológun ni kó máa yẹ kọ̀ǹpútà inú bàálù wò, èyí tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kí bàálù tó lè gbéra tàbí kó balẹ̀. Òun a kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ṣírò tirẹ̀. Bó bá bá ti ẹ̀rọ mu, a fi bírò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ń kán ọ̀gá rẹ̀ lójú, ó bá fọwọ́ sí ìwé bàálù kan láìtíì ṣírò ti ọjọ́ òjò. Bàálù yẹn balẹ̀ nínú òjò, ilẹ̀ tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó wọgbó. Àwọn tó jáde láàyè kò pọ̀. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó wálé.

Lọ́jọ́ yìgì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìfọ́n, lèmọ́mù gbé ìwé ẹlẹ́rìí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ti bírò sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n wá tàdáwà fún òun. Àwọn àna ń wojú ara wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀ tì í.

"Bùọ̀dá mi, ẹnjiníà ni yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi púrúǹtù lójú àna."

Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé.

"Èyí ò tíì pa ẹnikẹ́ni."